Ìrírí wa ní ìlú àwọn àgbà nínú aṣálẹ̀ Arizona: ẹ má lọ wò ó lóṣù kejì

Ìyá Tíṣà (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí èmi àti Bàbá ti padà dé, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní Ọjà Ọba, kódà níbi ìsìnkú: "Màmá, ṣé lóòótọ́ ni ìlú kan wà tó jẹ́ àgbà nìkan ló ń gbé ibẹ̀?" Lóòótọ́ ni. Láti oṣù kẹta 2023 títí di oṣù keje 2024 la fi gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu mi sinmi. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, kó fi tirẹ̀ kún un.

Ọmọ wa obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Phoenix, olú-ìlú Arizona. Nígbà tó di ọmọ Amẹ́ríkà, ó ṣe gíríìnì káàdì fún àwa méjèèjì. Àmọ́ kí a tó kó lọ pátápátá, ó ti kọ́kọ́ mú wa lọ wo àdúgbò náà lóṣù kejì 2022. Áà! Oòrùn ń ràn jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, òdòdó pupa bo ògiri, àwọn àgbà òyìnbó wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n ń fi ọkọ̀ gọ́ọ̀fù kékeré rìn lójú títì gbangba bí ẹni ń wa Màrúwá. Bàbá wò mí, ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ibí gan-an la ó ti sinmi." Wọ́n ní ooru máa ń mú níbẹ̀, a fi rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹni tó ń gbé Òkè-Àró, tó ń sùn láìsí iná lóṣù kẹta, ni wọ́n fẹ́ fi ooru dẹ́rù bà?

Ibẹ̀ la ti ṣìnà. Lóṣù kejì, kò sí ẹni tí aṣálẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín sí.

Ìlú wọ̀nyẹn kò ti ọ̀run já o, oníṣòwò ló dá wọn sílẹ̀. Kọngílá kan tó ń jẹ́ Del Webb ló ṣí Sun City ní January 1, 1960, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Phoenix, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin òwú tẹ́lẹ̀. Ilé márùn-ún péré ló kọ́ fún àwòṣe, ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, ìyẹn 100,000, sì ya wá wò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹsiteéètì tiwa kì í ṣe Sun City, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀: ẹnìkan nínú ilé gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 55, ọmọ tí kò sì tíì pé 19 kò gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà. Nílé wa níbí, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Bí àwọn ọmọ bá ń kọrin lórí ìlà láàárọ̀, èmi náà á máa gbè é nínú kíṣìn. Lọ́sẹ̀ tí a dé ọ̀hún, mo ń jókòó síwájú ilé, nǹkan kan ń ṣe mí, n kò mọ ohun tó jẹ́. Ọjọ́ karùn-ún ló tó yé mi pé láti ìgbà tí a ti dé, n kò tíì rí ọmọdé kan tó kọjá. Kò sí ilé-ìwé, nítorí kò sí ẹni tí yóò lọ. Bàbá ní ìsinmi tí ìjọba jẹ mí nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi odindi ìlú san án.

Ó wá di òpin oṣù kẹfà.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí. Ooru tiwa máa ń jẹ́ kí o mọ̀ pé òun dé: òógùn á ṣàn, aṣọ á lẹ̀ mọ́ ọ lẹ́yìn, wàá wá abẹ̀bẹ̀. Ooru aṣálẹ̀ kì í kí ni. Òógùn ń gbẹ kí o tó fojú rí i, ara rẹ gbẹ fúrúfúrú, o rò pé o ń ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ omi ń tán lára rẹ. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, bí ìgbà tí ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ṣí ẹnu ààrò ni. Lọ́jọ́ kan mo ní kí n sáré gbé ike ìdọ̀tí síta, mi ò wọ bàtà. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi léròrò. Ọmọ mi kò tilẹ̀ bínú, ó ní lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n ń gba àgbàlagbà tó ṣubú lójú títì tí kò tètè rí ẹni gbé e dìde, tí títì sì jó o bí ẹni tó jókòó sínú agbada.

Ọdún yẹn gan-an, ọjọ́ 31 tẹ̀lé ara wọn ni Phoenix fi wà ní 43°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn 645 ni wọ́n kà pé ooru pa ní kántì Maricopa, tí Phoenix wà nínú rẹ̀, lọ́dún 2023. Wọn kò sọ iye yẹn fún mi lóṣù kejì.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni ẹ̀rọ amúlétutù wa kú. Ẹni tí yóò tún un ṣe ní Mọ́ńdè lòun máa ráyè. Nílé, bí iná bá lọ, a ó gbé àga sábẹ́ máńgòrò, a ó máa bú àwọn tó mú iná lọ, ọ̀rọ̀ tán. Lọ́hùn-ún, abẹ́ igi wo? Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tú síwájú ilé dípò koríko. Kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ògiri inú ilé ti ń gbóná lọ́wọ́. Ọmọ wa wá kó wa bí ẹni tó ń kó ẹrù kúrò nínú iná. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń dá wa sí níbẹ̀.

Ikọ́ Bàbá ló tẹ̀lé e. Ibà, ikọ́, àárẹ̀, kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta. Bàbá ní malaria ni, ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, ó sì lo gbogbo oògùn ibà tí a gbé láti Àkúrẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n tó yàwòrán àyà rẹ̀. Valley fever ni. Ìbátan ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu ló ń fà á. Inú ilẹ̀ aṣálẹ̀ ló ń gbé, bí atẹ́gùn bá gbé eruku, ènìyàn á fà á símú. Kì í ràn láti ara ẹnìkan sí ẹnìkejì, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè le lára àwa adúláwọ̀. Ó san, lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọmọ wa ló san owó rẹ̀ látinú insọ́ránsì tó rà fún wa, nítorí Medicare wọn, ìyẹn insọ́ránsì ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbà, ẹni tó bá wá bíi tiwa gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún gbáko kó tó lè rà á. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe ìwé fún lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè èyí kí ẹ tó bi í léèrè àpótí.

Ṣé ibẹ̀ wá burú ni? Rárá. Iná kì í ṣẹ́jú. Wọn kì í rẹ́ àgbà jẹ. Àwọn aládùúgbò máa ń wo fèrèsé ara wọn, bí kọ́tìnì kan kò bá ṣí láàárọ̀, wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Èyí wù mí gan-an. Ohun tí mo kàn ń sọ ni pé kí ẹ lọ wò ó lóṣù keje. Kí ẹ sì má ta ilé yín.

Sójà Ẹ̀kìmọ̀gún (Oǹdó)

Ìyá Tíṣà, ẹ kú orí ire. Ooru tí kì í kí ni yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà ní Maiduguri. Àwọn ará ibẹ̀ ló kọ́ wa pé kí a bora, kí a wé orí, kí a wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọ Oǹdó, bíi pé oko kòkó la ń lọ, a ti bọ́ ẹ̀wù. Ọjọ́ kejì, ojú wa tú.

Ní Maiduguri, bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó tẹ́ ẹní síta, oorun á dùn. Ìyẹn ni mo gbọ́kàn lé nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Tucson, ní Arizona yẹn náà, lóṣù kẹjọ. Mo tẹ́ ẹní sẹ́yìnkùlé. Kọnkéré ti fi gbogbo ọ̀sán mu oòrùn, òru ló ń pọ̀ ọ́ jáde. N kò tíì sùn tí ẹ̀gbọ́n mi fi pariwo orúkọ mi, ó gbé tọ́ọ̀ṣì kan jáde tí iná rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, ó tàn án sára ògiri. Àkeekèé mẹ́rin, wọ́n ń tàn yòò bí iná Kérésì! Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá wọn lóru, pé irú iná yẹn ló ń mú kí ara wọn tàn.

Mo ká ẹní mi. Sójà ni mí, kì í ṣe ọ̀dẹ̀.

Ọmọ Ìjọ̀mù (Àkúrẹ́)

Ọ̀rọ̀ ọmọdé tí Ìyá sọ ló wọ̀ mí lára jù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé irú ẹsiteéètì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ọmọ wọn dúró sílé ìwòsàn nítorí oyún, wọ́n lọ mú àkọ́bí rẹ̀ wá sọ́dọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò pẹ́, lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹsiteéètì: ọjọ́ mélòó ni àlejò yín ṣì máa lò? Ẹ̀gbọ́n mi kà á sí mi létí lórí fóònù, ó ń tún un sọ ṣáá: "Àlejò. Ọmọ tí ọwọ́ mi ni wọ́n bí i sí. Àlejò."

Kí n má parọ́, òfin wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Wọn ò kà á tán ni.

Mo wá lọ kà nípa rẹ̀. Ìlú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sun City, Youngtown, òun ló tilẹ̀ ṣáájú, 1954 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó fún àwọn àgbà. Ọmọkùnrin ọdún 16 kan wá sá sọ́dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà rẹ̀ níbẹ̀, ìlú ní kó máa lọ, ọ̀rọ̀ di ti ìjọba. Ní 1998, òfin ọjọ́-orí Youngtown dópin. Ọmọ kan ṣoṣo!

Bàbá Àdá (ọmọ Àkúrẹ́, Arizona)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ náà sọ tirẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi wa yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi ní Chicago. Mo fẹ̀yìn tì, mo wá síbí, ọdún keje rèé. N kò ní padà sí yìnyín. Ní tòótọ́, n kò sì ní padà sí Àkúrẹ́.

Ìyá, ẹ kò sọ ti àwọn tó máa ń wá sí géètì ẹni nílé. Mo wálé lọ́dún 2019 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kó tó di aago méje àárọ̀, ènìyàn mẹ́rin ti jókòó sí fàràńdà: owó ilé-ìwé, owó ilé ìwòsàn, owó òrùlé, ẹnìkẹrin ní òun kàn wá kí mi, ó wá fi ti mọ́tò rẹ̀ parí rẹ̀. Mo fẹ́ràn ènìyàn mi. Ṣùgbọ́n mo ti di báńkì, n kò sì lówó báńkì.

Níbí, aago márùn-ún ìdájí mo ti wà nínú omi, mò ń wẹ̀. Aago méje mo ti wà ní yàrá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, mò ń gbẹ́ àga àpótí bíi ti ìyá mi. Ọ̀sán, mo ti kọ́tìnì, mo sùn. Ẹ máa fi òru ṣe ọ̀sán, ẹ fi ọ̀sán ṣe òru, ara á mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíì á ní àdúgbò kò ní ewéko. Lóòótọ́, àwọn kan tilẹ̀ ń kun òkúta wẹ́wẹ́ wọn láwọ̀ ewé, kó lè jọ koríko (èyí ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní). Ṣùgbọ́n igi orọ́ ńlá kan wà lẹ́yìn ilé mi, saguaro ni wọ́n ń pè é, òfin ń dáàbò bò ó. Ó máa ń tó àádọ́ta ọdún, ó lè jù bẹ́ẹ̀, kó tó yọ apá. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ọ̀kan. Àwa méjèèjì jọ ń dàgbà.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀, ẹ rántí eruku. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ó lè dìde bí ògiri, gíga bí òkè Ìdànrè. Bí ó bá bá yín lójú títì, ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, ẹ pa iná mọ́tò, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Bí iná yín bá ń tàn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rò pé ẹ ń lọ, á tẹ̀ lé iná náà, á sì kọlù yín.

Ìyá Tíṣà (Àkúrẹ́)

Bàbá Àdá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ti géètì yẹn, ẹ jàre. Ní ọ̀sẹ̀ tí a padà dé Àkúrẹ́, mo fi ara pamọ́ sínú yàrá lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí fàràńdà bá ṣófo fún ọjọ́ méjì, èmi náà ni mò ń yọjú wo ẹni tó ń bọ̀.

Sójà, ẹ jọ̀wọ́, irú tọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ bá mi béèrè iye rẹ̀. Oṣù kẹwàá la tún ń lọ, títí di oṣù kẹta. Agbẹjọ́rò ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá jáde ju ọdún kan lọ láìgba ìwé àṣẹ lè pàdánù káàdì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè jókòó sílé bó ṣe wù wá.

Ìyá Aládùn (Oǹdó)

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kékeré. Ṣé ewédú ń hù níbẹ̀? Àbúrò mi ní kí n fi irúgbìn ránṣẹ́.

Ìyá Tíṣà (Àkúrẹ́)

Ó ń hù dáadáa, bí ẹ bá ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo gbin tèmi sínú ike ọ̀dà mẹ́ta. Nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù kú tí ọmọ wá kó wa, mo gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí a dé, ó ti gbẹ lórí ìdúró, ó ṣì tutù lójú ṣùgbọ́n ó ń run lọ́wọ́ bí ìwé. Mo já a, mo gún un, mo kù ú, mo rọ ọ́ sínú ìgò. Òun la fi jẹ iyán títí di oṣù kọkànlá.