Ṣé gbogbo oníbàárà ni kí n béèrè àṣẹ kúkì lọ́wọ́ wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Aṣọ òkè àti àdìrẹ ni mo ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn níbí, mo sì ń tà lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì pẹ̀lú. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Jámánì ń rà gan-an, pàápàá bí ìgbéyàwó bá pọ̀. Sáìtì mi ń lo kúkì, ìyẹn fáìlì kékeré tí sáìtì máa ń fi sórí ẹ̀rọ ẹni tó bá wọlé: ọ̀kan ń rántí ọjà téèyàn ti ṣà sílẹ̀. Òmíràn jẹ́ ti Facebook Pixel, tó ń jẹ́ kí ìpolówó mi máa tẹ̀lé ẹni tó wo aṣọ tí kò rà. Òun ló ń mówó wọlé, kí n má purọ́.

Mo kà á pé lábẹ́ òfin Yúróòpù, ti ọjà ṣíṣà kò nílò àṣẹ, àmọ́ ti ìpolówó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó ṣiṣẹ́. Òfin ààbò dátà tiwa náà jáde ní 2023. Ọmọ tó ń bá mi ṣe sáìtì fi bọ́tìnnì "Mo gbà" kan ṣoṣo síbẹ̀, ó ní ó ti tó. Kò dá mi lójú rárá: nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà, kúkì _fbp, ìyẹn ti Pixel, ti jókòó síbẹ̀ kí n tó tẹ ohunkóhun! Mo ti rò ó pé kí n yọ Pixel kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n ọjà á dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo àlejò ni kí n dá Pixel dúró fún títí wọn á fi gbà, àbí àwọn tó wọlé láti Yúróòpù nìkan?

Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá dáhùn.