Kí ni ká pe ìgbì tí kì í ṣe ọmọ ibí?

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kó síwájú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí wọ́n fẹ́ ká fi túmọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ ìgbì àti atẹ́gùn ní Teahupo'o, ní erékùṣù Tahiti, níbi tí wọ́n ti fi pákó gun ìgbì nínú ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2024. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ń gun ìgbì ní Tarkwa Bay, etíkun kan níhìn-ín ní Èkó, ń wo irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn sọ ọ́ ní Yorùbá. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ ńlá ni ẹ̀gbọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi: mélòó kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ń ṣini lọ́nà, ọ̀kan sì lè pa ọmọ ọlọ́mọ. Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n pe atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú òkun ní "atẹ́gùn inú òkun". Mo mọ ibi tó ti wá: "offshore" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ní Èkó yìí, ẹni tó bá ní òun ń ṣiṣẹ́ epo ní ọ́fṣọ̀, àárín òkun ló wà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni, àmọ́ fún òṣìṣẹ́ epo ó ń sọ ibi tó wà, fún ẹni tó ń gun ìgbì ó ń sọ ibi tí atẹ́gùn dorí kọ. Ẹ wá fojú ọmọ ọdún mẹ́tàlá wò ó. Ó gbọ́ "atẹ́gùn inú òkun", ó ní, "Á jẹ́ pé inú òkun ló ti ń bọ̀, bó bá rẹ̀ mí, á gbé mi padà sétí omi." Irọ́ ni! Ẹ̀yìn rẹ̀ ni atẹ́gùn náà wà, iwájú ló ń tì í lọ, níbi tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbà wọ Àpápá.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ò dúró lójú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá ní atẹ́gùn àríwá, ibi tó ti wá ni wọ́n ń sọ. Bó bá tún yá, wọ́n á sọ ibi tó ń lọ. Lórí ọ̀pọ̀ àwòrán àsọtẹ́lẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n kọ ń sọ ibi tí atẹ́gùn ti wá, ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń tọ́ka síbi tó ń lọ. Kí ló kàn wá nínú ìdàrúdàpọ̀ tí kì í ṣe ogún bàbá wa? Bí àlejò bá dé, "Níbo lẹ ti ń bọ̀?" la kọ́kọ́ ń bi í. Ẹ jẹ́ ká bi atẹ́gùn náà bẹ́ẹ̀.

Sátidé tó kọjá mo tẹ̀lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Tarkwa. Mọ́tò ò débẹ̀. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní CMS kí oòrùn tó ràn dáadáa. Ọmọ Ìlàjẹ àgbàlagbà kan ló wà wá. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ ń pe atẹ́gùn àárọ̀ yìí?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń bèèrè orúkọ omi lọ́wọ́ ẹja. "Atẹ́gùn ilẹ̀ ni. Tó bá dọ̀sán, tòkun á dé." Ó tán. Kò sídìí láti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ mọ́: atẹ́gùn ilẹ̀, atẹ́gùn òkun.

Ó sì rí bí wọ́n ṣe wí. Lóru, ilẹ̀ máa ń tutù ju omi lọ, atẹ́gùn á máa fẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti ìlú lọ sókun. Bí oòrùn bá ti mú, ilẹ̀ á gbóná ju omi, atẹ́gùn á yí padà. Ní àárọ̀, ojú ìgbì ń dán bíi dígí, atẹ́gùn ilẹ̀ ń gbé iwájú rẹ̀ ró, ó sì ń pẹ́ kó tó wó. Nígbà tó fi máa di aago méjìlá, atẹ́gùn òkun ti ń ti ìgbì lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ dà rú. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọyẹ́ náà, atẹ́gùn ilẹ̀ ni fún etíkun wa, nítorí àríwá-ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ gan-an ni ìgbì wa máa ń kéré jù. Ẹni tó ní eyín ò ní ẹran.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí èyí tó gbà mí lọ́kàn jù. Fún ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ̀gbọ́n kọ "ìwú òkun". Kí ló ń wú lọ́dọ̀ wa? Ẹsẹ̀ ń wú. Búrẹ́dì ń wú. Gàrí ń wú nínú omi. Bẹ́ ẹ bá sọ fún ará Èkó pé òkun máa wú lọ́la, ohun tó máa sọ sí i lọ́kàn ni ìgbà tí òkun ń ya wọ títì Ahmadu Bello ní Victoria Island, kí wọ́n tó kó òkúta àti yanrìn dí i síwájú Bar Beach. Ẹrù ló máa kó. Ìgbì tí à ń sọ yìí ò sì wú rárá; ìrìnàjò ló rìn.

Ibi tó ti ṣẹ̀ ni ìsàlẹ̀ gúúsù Àtìláńtíìkì, níbi tí ìjì ti ń jà láìsí ilẹ̀ tó máa dí i lọ́nà, pàápàá láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹwàá tí òtútù wà lọ́hùn-ún. Ìjì á jà, á sì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì tó dá sílẹ̀ ò ní dúró. Á rin bíi 5,000 kìlómítà kó tó dé Èkó, ọjọ́ márùn-ún ó lé díẹ̀ lójú ọ̀nà, bó bá jẹ́ irú èyí tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn nínú wọn ló ń kọ́kọ́ dé. Àwọn kúkúrú ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ lè dúró sétí omi lọ́jọ́ tí ewé ò mì, kẹ́ ẹ sì máa wo ìgbì tó ju orí ènìyàn lọ. Ta ló rán an? Ìjì tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí.

Lórí omi, Bàbá awakọ̀ wa tún sọ gbólóhùn kan. Wọ́n nawọ́ sí ìgbì gbọọrọ kan tó ń yọ bọ̀, wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ọmọ ibí." Mo ní ọ̀rọ̀ ti jáde! A ti ní in látọjọ́ tó ti pẹ́: àtọ̀húnrìnwá. Ìgbì àtọ̀húnrìnwá. Kí la wá máa pe ìkejì rẹ̀, ìgbì kúkúrú tí atẹ́gùn ọ̀sán ń dá sílẹ̀ lójú ibi tá a wà, tó ń kanra, tó ń gbá síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ẹni tẹ̀ síwájú? Ará Èkó tó bá ti kó bílọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀ rí mọ orúkọ rẹ̀: ìgbì ọmọ onílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní "àtọ̀húnrìnwá" ní ẹ̀gún nínú, ní ìlú tí a ti ń jà lórí ta ni onílé ta ni àlejò. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó máa pè é ní ìgbì òkèèrè, èmi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n "ìwú" ò lè wọlé.

Èyí kàn "àkókò ìgbì" tí ẹ̀gbọ́n fi sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìgbì kan sí òmíràn. Àkókò ìgbì! Bí àkókò àgbàdo? Ọmọ tó bá kà á á rò pé oṣù tí ìgbì pọ̀ ni. Ẹlòmíràn ti dábàá "àlàfo", ó sì sàn díẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ la fi ń wọn àlàfo, a máa nílò rẹ̀ fún gígùn láti orí ìgbì kan dé orí èkejì. Ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ náà ń ṣe létí omi: ìgbì kan wó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹní, èjì, ẹ̀ta, títí òmíràn á fi wó. Òǹkà ni. Ìgbì òǹkà méje, ìgbì òǹkà mẹ́rìnlá. Òǹkà yìí sì ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wò kó tó wo gíga. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá sọ mítà kan àtààbọ̀ fún ọjọ́ méjì, tí ọ̀kan jẹ́ òǹkà méje, tí èkejì jẹ́ òǹkà mẹ́rìnlá, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Òǹkà mẹ́rìnlá gùn tó bíi 300 mítà lójú agbami, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan ìsàlẹ̀ níbi tí omi ti jìn tó 150 mítà, bó bá sì ti ń wọ ibi tí omi ti fẹ́lẹ́, ńṣe ló ń ga sókè. Òǹkà méje ò mọ̀ pé ilẹ̀ wà nísàlẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Lórí gíga náà, mi ò lè fara mọ́ "gíga ìgbì pàtàkì". Kí ló ṣe pàtàkì lára rẹ̀? Nǹkan tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé bí wọ́n bá to gbogbo ìgbì tó kọjá, wọ́n mú ìdámẹ́ta tó ga jù, wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ga sí ní ìpíndọ́gba. Bí ìyá oníṣu tó mú àwọn tó tóbi jù nínú òkìtì, tó ní, "Bí iṣu mi ṣe tó nìyí." Kò purọ́, kò sì sọ gbogbo òótọ́. Èyí tó tóbi jù lọ nínú òkìtì náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó fi hàn yín. "Gíga ìdámẹ́ta òkè" ni mo fara mọ́. Ó gùn díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé àwọn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ̀.

"Àpáta iyùn", tí ẹ̀gbọ́n fi pe àpáta abẹ́ òkun tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi mọ, wá ńkọ́? Ẹni tó bá gbọ́ iyùn, ọrùn ọba àti ìyàwó ló máa rò. Iyùn pupa tí a ń so sọ́rùn kì í sì í mọ àpáta ńlá tó ń dá ìgbì dúró. Irú mìíràn ló mọ ti Tahiti. Fún àsọtẹ́lẹ̀, "àpáta abẹ́ omi" ti tó, nítorí kì í ṣe ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n ló ń wó ìgbì, bí kò ṣe bí omi orí rẹ̀ ṣe fẹ́lẹ́ tó.

Mo ní "wó", mi ò ní "fọ́". Àwo ló ń fọ́. Ìgbì ń dìde bí ògiri ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, orí rẹ̀ ń sáré. Orí ya ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó wó. Ìgbì mítà méjì máa ń wó níbi tí omi ti jìn tó bíi mítà méjì àtààbọ̀. Nítorí náà mo dábàá "ojú ìwó" fún ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀: ojú ìwó orí àpáta, ojú ìwó orí yanrìn. Ìyàtọ̀ yìí sì ní ìtumọ̀ fún ẹni tó ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀. Ní Teahupo'o, àpáta kì í ṣí nípò. Láti inú ibú ni ìgbì ti ń já lu omi fẹ́lẹ́ lójijì, ibi tó wó sí lánàá ló máa wó sí lọ́la. Tiwa yàtọ̀. Látìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kó òkúta gbọọrọ sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, yanrìn tí òkun ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ti ń kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní Lighthouse Beach, òkun sì ń jẹ ẹ̀gbẹ́ kejì ní Bar Beach títí wọ́n fi dí i. Yanrìn ń rìn, ojú ìwó ń bá a rìn. Àsọtẹ́lẹ̀ lè mọ ìgbì tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ibi tó máa wó sí, àfi kí èèyàn dé etí omi kó fojú rí i.

Àwọn yòókù ò gba àkókò. "Agungbì" dára, bí a ṣe ń sọ agẹṣin. "Àsọtẹ́lẹ̀" ò ní kó di wòlíì, ilé iṣẹ́ rédíò ti ń lò ó fún ojú ọjọ́ tipẹ́. "Ọ̀wọ́" fún ìgbì mélòó kan tó ń tẹ̀ léra wọn wá, ó dára gan-an. "Omi kún, omi fà" la ní látilẹ̀wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wá òmíràn. (Ní Tahiti, ọ̀sán gangan àti ọ̀gànjọ́ òru ni omi sábà máa ń kún, nítorí oòrùn ló ń darí rẹ̀ níbẹ̀ ju òṣùpá lọ. Tiwa ń fi bí ìṣẹ́jú 50 sún síwájú lójoojúmọ́.)

Èyí tó kù ló bá mi lójijì. Ihò tó máa ń wà nínú ìgbì nígbà tí orí rẹ̀ bá dà bo iwájú, tí agungbì á wọ inú rẹ̀, táwọn ènìyàn ò ní rí i mọ́, ẹ̀gbọ́n pè é ní "àgbá". Àgbá epo ni mo rí. Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bí a ṣe ń padà bọ̀ sí CMS, aṣọ rẹ̀ ń kán tótó sórí bàtà mi. Ó rò ó títí a fi kọjá Àpápá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ńṣe ló dà bí ìgbà tí Màmá bá fi ìborùn bo èèyàn lórí, téèyàn á máa gbọ́ ohùn gbogbo ayé látòkèèrè." Mo ti kọ ìborùn sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?