Ìjàpá mi ń fẹ́ dákú bí mo bá tẹná: ṣé kabúrétọ̀ ni?

Oníjàpá Iléṣà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Volkswagen Ìjàpá ni mò ń wà, ẹ́ńjìnì 1600, kabúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) Solex 34 PICT-3 ló wà lórí rẹ̀. Lórí sílò, ìyẹn bí mi ò bá tẹná, ohùn rẹ̀ dúró dáadáa. Bó bá sì ti di eré lójú ọ̀nà Òṣú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹná láti gbéra, pàápàá lójú òkè, yóò fẹ́ dákú, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó tó wá lọ. Mẹkáníìkì ti yí síkúrù kabúrétọ̀ títí, bákan náà ló rí. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Àgbà Mayfair: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n fi síkúrù sílẹ̀ ná. Bí ẹ bá tẹná lójijì, afẹ́fẹ́ a ya wọlé kí epo tó bá a, àdàlú inú ẹ́ńjìnì a sì gbẹ jù. Nítorí èyí ni pọ́ǹpù kékeré kan fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀, tó ní awọ rọ́bà nínú, tó ń tu epo díẹ̀ sí ọ̀fun rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ bá kan iná. Awọ yìí máa ń le, ó sì máa ń ya. Ẹ pa ẹ́ńjìnì kó tutù, kí sìgá tàbí iná má sí nítòsí, ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ fa apá tí wáyà iná so mọ́. Ó yẹ kí epo tú jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, láìdáwọ́ dúró. Bó bá ń kán, awọ ti lọ tàbí ìdọ̀tí ti dí ihò rẹ̀.

Oníjàpá Iléṣà: Mo dúpẹ́, sà. Epo ń tú dáadáa. Àmọ́ mo rí i pé kò sí hóòsì kankan láti kabúrétọ̀ lọ sí dísítíríbútọ̀ (èyí tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì), nọ́ńbà ara dísítíríbútọ̀ náà sì parí sí 009.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́: Ibẹ̀ gan-an ni. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń yí kíákíá tó nìkan ni 009 fi ń mú kí plọ́ọ̀gì tètè ṣáná. Kabúrétọ̀ 34 PICT-3 sì ń fẹ́ dísítíríbútọ̀ tí fákúùmù (agbára afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà) ń fà láti inú hóòsì, tó ń tètè ṣáná ní kété tí ẹ bá tẹná. Bí kò bá sí, ìṣáná a pẹ́ díẹ̀, ẹ́ńjìnì a sì fẹ́ dákú. Ẹ wá dísítíríbútọ̀ tó ní hóòsì, kí ẹ sì wo àwọn rọ́bà tó so páìpù afẹ́fẹ́ pọ̀ bóyá wọ́n ti sán.

Àgbà Mayfair: Òótọ́ lẹ sọ, àbúrò. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá tún kabúrétọ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná kí ẹ tó pa á. Ẹ yí síkúrù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀ wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi dúró, láìfún un le, nítorí ẹnu rẹ̀ a bàjẹ́. Kí ẹ wá yí i jáde ní ìyípo 2½. Ẹ ṣí ẹ́ńjìnì padà, kí ẹ fi síkúrù ńlá ẹ̀gbẹ́ kabúrétọ̀ gbé sílò sí nǹkan bí ìyípo 850 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe fi síkúrù tó wà lára apá tí wáyà iná so mọ́ gbé sílò rárá, bí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ṣe máa ń ṣe: ìdérí inú ọ̀fun a ṣí kọjá ihò kékeré tó yẹ kó máa fún ẹ́ńjìnì lépo nígbà tó bá fẹ́ gbéra, ìyẹn nìkan sì tó láti mú un wúkọ́.