Mísò kì í ṣe irú sóyà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo ka ìtumọ̀ ìlànà sísè tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lánàá, èyí tí wọ́n pè ní "Ọbẹ̀ irú sóyà àti olú ọ̀gán, bí wọ́n ṣe ń sè é ní Jàpáànì". Mísò, ẹ̀wà sóyà títẹ̀ oníyọ̀ tí àwọn ará Jàpáànì ń bu sínú ọbẹ̀, ni wọ́n pè ní irú sóyà níbẹ̀. Mo sì ka èsì àbúrò wa tó ní kí á kúkú pe mísò ní "ògìrì Jàpáànì", torí pé ó kúnná, kì í ṣe oníwóro. Ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó yẹ kí ẹnì kan ti ṣe tipẹ́ lẹ ṣe yìí. Àmọ́ orúkọ tí ẹ sọ mísò, nǹkan mìíràn ti ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀.

Irú sóyà wà lọ́jà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe irú nígbà tí irúgbá bá wọ́n, àwọn mìíràn a tilẹ̀ pa méjèèjì pọ̀. Bí ẹnì kan bá ka ìtumọ̀ yìí, tó rán ọmọ lọ sí Bódìjà pé kó ra irú sóyà wá, ọmọ ò ní ṣi ọjà rà, irú ni yóò gbé dé. Ọbẹ̀ tó máa tibẹ̀ jáde lè dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ará Jàpáànì ń mu láàárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n fi "wàrà sóyà" ṣe ẹ̀rí: wọ́n ní bí a ṣe fa orúkọ wàrà dé orí sóyà, bẹ́ẹ̀ náà la lè fa irú. Ẹ̀rí yẹn gan-an ni mo dì mú. Ewé bòmubòmu ni àwọn Fúlàní fi ń mú kí wàrà màlúù dì. Tòfú tí àwọn ará Jàpáànì ń jẹ, wọ́n á lọ ẹ̀wà sóyà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi nígárì tó ti ara omi òkun jáde mú un dì. Iṣẹ́ kan náà ni, ìdí nìyẹn tí orúkọ kan náà fi bá wọn mu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan ni orúkọ tẹ̀ lé níbẹ̀, kò tẹ̀ lé àwọ̀, kò tẹ̀ lé òórùn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo iṣẹ́ irú. A ó se irúgbá mọ́jú, a ó gún un kó lè bó, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un sè, a ó wá bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ooru rẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bakitéríà tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ló ń bá wa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ewé yẹn. Ti mísò yàtọ̀. Ìrẹsì tàbí ọkà báálì ni wọ́n máa kọ́kọ́ sè, wọ́n á wọ́n irúgbìn èbu tó ń jẹ́ Aspergillus oryzae lé e lórí, wọ́n á sì jẹ́ kó bu. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kó bu, bí búrẹ́dì ṣe ń bu, àmọ́ èyí, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ìrẹsì bíbu yìí ni wọ́n ń pè ní kójì. Wọ́n á pò ó mọ́ ẹ̀wà sóyà sísè tí wọ́n ti tẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ tó pọ̀, wọ́n á kì í mọ́ inú àgbá, ó di ìgbà kan ná. Mísò funfun lè pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀; ti pupa a máa gbà tó ọdún kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Okazaki, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Hatchō miso, wọn kì í fi ìrẹsì sí i rárá. Ẹ̀wà sóyà nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó bu, wọ́n á kó òkúta jọ gègèrè lórí àgbá igi, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọdún méjì ó lé.

Ibo ni irú wà nínú ìyẹn? Kò sí níbẹ̀, ògìrì náà ò sì sí níbẹ̀. Bí a bá ń wá irú ní Jàpáànì, náttò ni. Ẹ̀wà sóyà sísè ni, wọ́n á dì í sínú koríko ìrẹsì, ooru á mú un mọ́jú, ó di kó máa fà bí ilá. Bacillus subtilis kan náà ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ti ṣí irú tútù rí, tó bá fi imú kan náttò, kò ní bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi irú sóyà pamọ́ de náttò. Ó máa dùn mí bí a bá ná an sórí mísò, tí náttò bá wá dé, tí a ò ní nǹkan kan lápò mọ́.

Ní tèmi, kí mísò máa jẹ́ mísò. Ó rọrùn lẹ́nu wa ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lẹ́nu ará Tokyo, ohùn òkè ló fi ń bẹ̀rẹ̀, á wá já wálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ṣúgà, mọ́tò àti sóyà ṣe rí lẹ́nu tiwa. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi àmì sí i. Ẹni tó bá kà á láìsí àmì lè gbé ohùn òkè lé ẹ̀yìn rẹ̀, a sì mọ ohun tí "só" jẹ́. Oúnjẹ ni, kò yẹ ká gbé ìsó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lórí "ọbẹ̀", ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tán. Ọbẹ̀ ni à ń fi jẹ nǹkan. Misoshiru, bí àwọn ará Jàpáànì ṣe ń pe ọbẹ̀ mísò yìí, wọn kì í ki òkèlè bọ̀ ọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé àwo rẹ̀ sókè, wọ́n á gbé e sẹ́nu. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò fún omi, nomu, ni wọ́n ń lò fún un. Shiru tó wà nínú orúkọ rẹ̀ sì ni omi tó ti ara nǹkan jáde, ì báà ṣe omi èso. Mo fara mọ́ "omi ọbẹ̀ mísò", pẹ̀lú "mu". Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé omi ọbẹ̀ ni à ń bù fún ọmọ nígbà tí ẹran bá tán. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ṣíṣàn yẹn gan-an ni iyì rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín.

Olú ọ̀gán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Orí ọ̀gán ló ti ń hù, ikán ló ń tọ́jú rẹ̀. Ṣíìtákè, olú tí àwọn ará Jàpáànì ń lò, ara igi ló ti ń hù. Àwọn ará Jàpáànì ń pe olú ní kinoko, ìyẹn ọmọ igi. "Olú ṣíìtákè" tó.

Àbúrò wa pe umami, adùn kan tí kì í ṣe ti ṣúgà tàbí ti iyọ̀, ní "adùn ẹran". Ọ̀jọ̀gbọ́n Ikeda Kikunae tó fún un lórúkọ ní Tokyo lọ́dún 1908, inú omi kọ́ńbù, ewé inú òkun, ló ti rí i, kì í ṣe inú ẹran. "Umai", tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ bí oúnjẹ bá dùn, ló mú. Àwa náà ní "dùn", tí à ń lò fún ọbẹ̀ àti oyin. "Adùn ọbẹ̀" yóò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára adùn ṣúgà. Nígbà tó di 1957, Kuninaka Akira fi hàn pé irú adùn yìí mìíràn wà, èyí tó pọ̀ nínú ṣíìtákè gbígbẹ, ó sì tún fi hàn pé bó bá pàdé ti kọ́ńbù, àwọn méjèèjì á ru ara wọn sókè. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ kọ "gbígbẹ" síwájú "tútù" nínú ìlànà sísè yín.

Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ rèé, fún ẹni mẹ́rin. Rẹ ṣíìtákè gbígbẹ 5 àti kọ́ńbù gíráàmù 10 sínú omi tútù mílílítà 800, kó wà nínú fíríìjì mọ́jú. Gbé e ka iná tí kò le; kó tó hó, yọ kọ́ńbù kúrò. Gé ìdí ṣíìtákè dànù, gé orí rẹ̀ wẹ́wẹ́, dá a padà pẹ̀lú olú tútù gíráàmù 200. Jẹ́ kó máa hó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Fi wàrà sóyà díẹ̀ sí i, kó gbóná. Pa iná. Bu mísò ṣíbí ńlá 3 sínú ìgbakọ, ti ìgbakọ bọ omi náà, pò ó nínú ìgbakọ títí kò fi ní kókó mọ́, kó o tó jẹ́ kó wọnú ìkòkò. Tọ́ ọ wò kó o tó ronú kan iyọ̀. Já àlùbọ́sà eléwé lé e.

Ẹ̀gbọ́n, ìlà kẹfà nínú tiyín sọ pé "da irú sóyà sí i, jẹ́ kó hó dáadáa". Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣi í, orúkọ ló fà yín lọ síbẹ̀: irú la máa ń jẹ́ kó hó nínú ata. Nígbà tí mo ń gbé Nagoya, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ló na ọwọ́ kọjá mi, tó pa iná. Kò sọ nǹkan kan. Ó bu mísò sínú ìgbakọ, ó ń fi ọ̀pá ìjẹun pò ó díẹ̀díẹ̀, omi náà ń dọ́tí bí odò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú mi sún mọ́ ìkòkò kí n gbóòórùn rẹ̀, ó wá tan iná padà, ó jẹ́ kó hó, ó tún ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Òórùn àkọ́kọ́ ti lọ. Kódà bí ẹ ò bá gba orúkọ kankan lọ́wọ́ mi, ẹ bá mi tún ìlà kẹfà yẹn ṣe.