CPU ń fò dé 100°C láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan: ṣé paste ni àbí kúlà?

Ọmọ Wáyà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni. CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel Core i7-12700 ló wà nínú ẹ̀, kúlà (irin àti fáànù tó ń tù ú lára) tó bá a wá nínú páálí ló sì ń lò. Bí mo bá tàn án láìṣe nǹkan kan, á wà ní 46 sí 50°C. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ tó wúwo bá ti bẹ̀rẹ̀, bíi yíyí fídíò padà, fáànù á máa hó, HWiNFO (ètò tó ń ka ooru) á gbé 100°C, ìyára á sì já wálẹ̀. Mo ti fẹ́ eruku dànù, kò yí padà. Ooru yàrá ò ju 27°C lọ. Ṣé kí n ra paste tuntun (ọ̀dà tó ń gbé ooru láti ara CPU sí kúlà) ni, àbí kí n kúkú ra kúlà olómi?

Bàbá Fáànù:
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Iye tó gùn dé kọ́ ló ń sọ ibi tí àrùn wà, bó ṣe yára gùn ún ni.

Ẹ pa gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́, kó sinmi fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ ṣí HWiNFO64, ẹ mú Sensors-only (kó fi ìwọ̀n nìkan hàn), kí ẹ wá jẹ́ kí Cinebench (ètò tó ń fi iṣẹ́ wúwo dán CPU wò) sáré fún ìṣẹ́jú 10. CPU Package (ooru CPU lápapọ̀) ni kí ẹ máa wò. Tó bá fò láti 48 dé 95 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ooru ò ráyè bọ́ láti ara CPU sára irin kúlà. Ó lè jẹ́ pé kúlà ò jókòó dáadáa, tàbí paste ti gbẹ, tàbí ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí kúlà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tó bá rọra ń gun ní tirẹ̀, tó gbà tó ìṣẹ́jú 10 kó tó dé òkè, kúlà ti gba ooru, afẹ́fẹ́ ni ò gbé e jáde. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí ẹ tún un ṣe. Bó bá fi dígírì 6 tàbí 7 wálẹ̀, àpótí náà ló ń sé e léèémí.

Ẹ tún bá wa ka CPU Package Power, iye wáàtì tí CPU ń jẹ. Láìsí iye wáàtì yẹn, a kàn ń méfò ni.

Ọmọ Wáyà:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ìṣẹ́jú-àáyá 4 péré ló gbà láti 47 dé 98. Wáàtì bẹ̀rẹ̀ ní 172, ó wá dúró sí bíi 120 nígbà tó ti ń dín ìyára ara ẹ̀ kù. Ṣíṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí kò fi ju dígírì 2 wálẹ̀. Fáànù ń yí ní 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Sáré-sáré:
Ẹ kúkú ra kúlà olómi 240 mm, kí ẹ fi liquid metal (irin olómi) sí i dípò paste. Ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá Paste:
Sáré-sáré, ẹ rọra o. Liquid metal ń gbé iná. Ẹ̀kán rẹ̀ kan tó bá bọ́ sórí motherboard (pátákó ńlá tí CPU jókòó lé) lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Tí ìdí kúlà bá sì jẹ́ aluminiọ́mù, yóò jẹ ẹ́. Kúlà olómi náà ní àìsàn tirẹ̀: pọ́ńpù tó ń ti omi rẹ̀ ń kú. Bí CPU bá ń jó bí iná tí radiator (irin tí omi náà ti ń tutù) sì tutù bí òkúta, pọ́ńpù ti dákẹ́ nìyẹn.

Ọmọ Wáyà, ó jọ pé nǹkan méjì ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú wọn.

65 wáàtì ni Intel kọ fún i7-12700 gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tó lè máa bá lọ, 180 wáàtì sì ni fún ìgbà tó bá ń sáré fúngbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ motherboard ló máa ń tú ìjánu yìí sílẹ̀ láìbi olówó léèrè, kí ìyára tiwọn lè gbé pẹ́ẹ́lí. Ẹ tẹ Del tàbí F2 nígbà tó bá ń tan, kí ẹ wọ BIOS (ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà), kí ẹ wá PL1 (ìjánu ìgbà pípẹ́) àti PL2 (ìjánu ìgbà díẹ̀). Àwọn kan ń pè wọ́n ní Long Duration àti Short Duration Power Limit. Tí ẹ bá bá 4095 níbẹ̀, kò sí ìjánu kankan lẹ́nu ẹṣin. Kúlà kékeré inú páálí ò lè gbé 170 wáàtì, kódà kó jẹ́ áńgẹ́lì ló dè é.

Ẹ fi PL1 àti PL2 sí 65 ná, ká fi dán an wò. Tó bá dúró láàárín 60 sí 70°C, kúlà jókòó dáadáa, wáàtì nìkan ló jẹ̀bi. Tó bá kọjá 80, ẹ tú kúlà.

Ọmọ Wáyà:
Háà! 4095 gan-an ni mo bá níbẹ̀. Mo ti fi méjèèjì sí 65. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, 84°C.

Bàbá Fáànù:
A jẹ́ pé ó ku ẹsẹ̀ kúlà kan tí kò wọlé.

Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí iná tó kù sínú ẹ̀ lè tán. Ẹ yọ wáyà fáànù kúrò ní CPU_FAN (ihò rẹ̀ lórí motherboard). Orí ẹsẹ̀ kúlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àmì ọfà: ẹ yí i síbi tí ọfà kọjú sí, kí ẹ fà á sókè. Kí ẹ tó nu ohunkóhun, ẹ wo bí paste àtijọ́ ṣe tẹ́. Ibi tó ti nípọn jù, ẹsẹ̀ tó wà lápá ibẹ̀ ni ọ̀daràn.

Ẹ wá fi aṣọ tí kì í hu òwú àti isopropyl alcohol 90% sókè nu ojú CPU àti ìdí kúlà títí wọ́n á fi dán. CPU yìí gùn díẹ̀ ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ kán paste tó tó ẹyọ ẹ̀wà kékeré sí àárín, kí ẹ fi ẹ̀kán tín-ń-tín sí igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ìka tẹ́ ẹ, kúlà ni yóò tẹ́ ẹ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe nìyí: ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí orí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí òdìkejì ọfà kí ẹ tó tẹ̀ wọ́n. Ẹ máa tẹ̀ wọ́n ní méjì-méjì, igun sí igun, títí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi dún. Bí ẹ bá tẹ ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó kan èkejì, kúlà á dagun, ẹsẹ̀ tó kù ò ní wọlé. Bí ẹ bá lè yọ motherboard síta, ẹ wò ó láti ẹ̀yìn: ọ̀pá dúdú gbọ́dọ̀ yọ láàárín ike tó là sí méjì, lójú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ dá wáyà fáànù padà o, kó má di pé ẹ tún padà wá bi wá.

Alágbára AM4:
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀. CPU Ryzen 5 5600X tèmi máa ń fò láti 40 dé 58 láìṣe nǹkan kan, á sì tún padà. Ṣé paste náà ni?

Ìyá Paste:
Rárá, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Core kan (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú CPU) ló ń jí lẹ́ẹ̀kan náà láti ṣe iṣẹ́ kékeré, tó tún ń padà sùn. Bí ariwo fáànù ló ń dà yín láàmú, ẹ wọ ibi ètò fáànù nínú BIOS, kí ẹ sún àkókò tí fáànù ń dúró kó tó yára sí ìṣẹ́jú-àáyá 3. Ẹ sì wo Task Manager (ibi tí Windows ti ń fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ hàn): tí CPU bá ń ṣiṣẹ́ ju 5% lọ nígbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan, ètò kan ń jẹun lábẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá máa tú kúlà AM4 (irú ihò tí CPU yín ń jókòó sí) láéláé, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́ ná, kí ẹ pa á, kí ẹ rọra lọ́ kúlà sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e. Bí ẹ bá fà á lójijì nígbà tí paste ti tutù, CPU á bá a jáde kúrò nínú ihò ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tẹ̀.

Ọmọ Wáyà:
Ẹsẹ̀ apá òkè lọ́wọ́ òsì ló kàn gbé lé ihò lásán. Ní báyìí, 36°C ni tí kò bá ṣe nǹkan kan, 66°C ní 65 wáàtì. Ṣé mo lè gbé wáàtì sókè díẹ̀? Fídíò ń pẹ́ jáde báyìí.

Ìyá Paste:
Ẹ fi 10 kún PL1 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí Cinebench máa sáré fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti kan 85°C, ẹ padà sẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan. 100°C ni CPU yẹn ti ń fa ìjánu ara ẹ̀, nítorí náà 85 ò lè pa á, ṣùgbọ́n ariwo kúlà kékeré yẹn á ti sú yín kí ẹ tó débẹ̀. PL2 lè wà ní 120. Tí ẹ bá nílò ju 100 wáàtì lọ fún wákàtí gbọọrọ, ìgbà yẹn la ó wá sọ̀rọ̀ kúlà ńlá: èyí tó ga tó ní fáànù 120 mm. Ẹ sì wọn ìbú àpótí yín kí ẹ tó rà á.