Kí lẹ máa ń wò lára ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fífò kí ìdíje ẹṣin ńlá ti Cheltenham ní England tó dé? Ẹ sọ ohun tójú yín ti rí

Bọ̀dá Peckham
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Oṣù Kẹta tí Cheltenham máa wáyé kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ẹṣin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, a mọ̀ wọ́n. Àwọn tí kò tíì gba ìdíje fífo ọgbà gíga kankan kí sáà yìí tó bẹ̀rẹ̀ ló ń dà mí láàmú, àwọn tó ń lọ sí ìdíje méjì tó wà fún irú wọn ní Cheltenham: Arkle lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Brown Advisory lọ́jọ́rú. Lọ́dún kan, lọ́jọ́ kejì Kérésì, mo rí ọ̀kan ní pápá ìdíje Kempton tó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ lókèèrè. Mo ní mo ti rí tèmi. Ó dé Cheltenham, a ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Kí lẹ̀yin máa ń wò?

Ọmọ Ìlọrin
Ẹsẹ̀ iwájú.

Àbíkẹ́ Leicester
Ẹ̀gbọ́n, ẹṣin yín kọ́ ló ṣẹ̀. Kempton tẹ́ pẹrẹsẹ, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì ń yí sí níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni ti Cheltenham, wọ́n á tún gun òkè kí wọ́n tó parí, lẹ́yìn tó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Pápá Leopardstown ní Ireland ni kẹ́ ẹ máa wò nínú oṣù Kejì. Ọwọ́ òsì ni tiwọn náà.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó máa gùn díẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Gloucestershire. Bàbá òyìnbó kan wà tí mo máa ń lọ bá. Nígbà èwe ẹ̀, ilé ẹṣin ló ti ṣiṣẹ́. Tí mo bá ti wẹ̀ fún un tán, tó ti jẹun, á ní kí n tan ìdíje fún òun, kí n sì pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ẹnu àwọn asọ̀rọ̀ ló ń ba ojú èèyàn jẹ́.

Ó kọ́ mi pé kí n má wo ẹni tó wà níwájú. Kí n wo etí. Ẹṣin tó mọṣẹ́ á na etí síwájú tó bá ti rí ọgbà. Tó bá ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta, á ti mọ̀ bóyá kóun sún ẹsẹ̀ kì tàbí kóun nà án. Èyí tí ò tíì mọ̀ ọ́n á máa tẹ ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ọmọdé tó fẹ́ fo gọ́tà tí ẹ̀rù ń bà. Bàbá á di ọwọ́ mi mú, á máa fi ìka tẹ̀ ẹ́: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó fò.

A jọ wo Arkle ọdún 2025 ni. Gbogbo ayé ló ti gbé e fún Majborough. Ẹni tó bá fi pọ́n-ùn méjì lé e, èrè pọ́n-ùn kan péré ló máa jẹ. Bàbá ń ka ìka lọ. Nígbà tó ku ọgbà méjì, ó ka ọ̀kan, ó ka èjì, ó dákẹ́, ó fún ọwọ́ mi pọ̀. Kí n tó bi í pé kí ló dé, ẹṣin ti kọlu ọgbà. Jango Baie gun òkè bọ̀ látẹ̀yìn, ó gbà á.

Túndé 1974
Mà, ẹ máà bínú o, mi ò gbà. Kò sẹ́ni tó lè mọ àṣìṣe ẹṣin kó tó ṣẹlẹ̀.

Àbíkẹ́ Leicester
Bọ̀dá Túndé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wakọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, ṣé ẹ ò mọ ìgbà tí mọ́tò iwájú fẹ́ ya láìtanná ni?

Túndé 1974
Èyí dùn mọ́ mi. Mo ti gbà.

Adé Ọ̀sì
Ọjọ́ kejì ẹ̀, nínú Brown Advisory, ni ẹṣin tó ń jẹ́ Ballyburn pa èmi lẹ́kún. Ẹṣin tó fi gígùn ẹṣin 13 na àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lórí ọgbà kékeré ní Cheltenham lọ́dún 2024! Mo rò pé ọgbà gíga ò ní jẹ́ nǹkan fún un. Lecky Watson, tẹ́ni tó bá fi pọ́n-ùn kan lé e á jèrè ogún pọ́n-ùn, ló gbà á. Láti ìgbà yẹn mi ò fi iṣẹ́ ọgbà kékeré díwọ̀n ọgbà gíga mọ́. Ọgbà kékeré máa ń tẹ̀ fún ẹsẹ̀. Ẹ̀ka igi tí wọ́n dì pọ̀ ni ti ọgbà gíga, ó ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀ lọ nígbà mìíràn.

Arábìnrin Fólúkẹ́
Ẹ dárí jì mí, tẹ́tẹ́ lẹ̀ ń jíròrò yìí o. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ta owó ilé méjì nù síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Arábìnrin, ẹ kú àánú. Èmi ò ta pẹ́nì kan rí, Bàbá náà ò ta mọ́. À ń wò ó ni.

Adé Ọ̀sì
Òótọ́ lẹ sọ, arábìnrin. Pọ́n-ùn márùn-ún ni mo fi sí i, mi ò tún ní kọjá ẹ̀.

Arábìnrin Fólúkẹ́
Pàṣán ńkọ́? Àánú ẹranko náà ń ṣe mí.

Túndé 1974
Ẹ̀ẹ̀méje ni jọ́kì lè nà án nínú ìdíje fífò. Tó bá fi mẹ́rin lé e, wọ́n á gba ipò ẹṣin náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Arábìnrin Fólúkẹ́
Méje náà pọ̀ lójú tèmi.

Ọmọ Ìlọrin
Mo sọ pé ẹsẹ̀ iwájú, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí nìdí ẹ̀. Bàbá mi ló ń tọ́jú ẹṣin tí wọ́n fi ń jáde lọ́jọ́ ọdún Iléyá. Á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹṣin láràárọ̀. Ibi tó bá gbóná ju ibòmíràn lọ, ẹṣin yẹn ò ní jáde, ẹni yòówù kó ni ín.

Àbíkẹ́ Leicester
Ìyá Ìbejì, Bàbá yẹn ńkọ́ báyìí?

Ìyá Ìbejì
Ó wà. Ojú ẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀. Èmi ni mò ń tẹ ìka sí i lọ́wọ́ báyìí.

Bọ̀dá Peckham
Ẹ gbọ́ o. Mo ti lọ wá ìdíje Kempton ọjọ́sí, mo pa ohùn ẹ̀. Ọgbà márùn-ún ni ẹṣin mi ti ń yà sí ọwọ́ ọ̀tún bó ṣe ń fò! Ní Kempton, ńṣe ni yíyà yẹn ń gbé e súnmọ́ ibi tí ọ̀nà gbé kúrú. Ní Cheltenham, ìta ni yóò máa gbé e lọ ní gbogbo ọgbà. Ó wà níwájú mi látọjọ́ yìí, mi ò rí i.

Ìyá Ìbejì
Ẹ tún un wò, ẹ ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ náà.