Ìdáhùn: "Ẹ̀rọ rírọ̀" kọ́ ni sọ́fútíwíà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ṣágámù ti mú ọ̀rọ̀ tuntun wá fún àwọn sọ́fútíwíà, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà, tí a fi ń ṣèwádìí èdè, ìtàn àti lítíréṣọ̀. "Ẹ̀rọ rírọ̀" ni wọ́n ní ká máa pè é, torí pé "sọ́fútù", tó túmọ̀ sí ohun tó rọ̀, ni òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ tirẹ̀. Wọ́n tún ní orísun kan náà ni "ẹ̀rọ" àti "rírọ̀" ní, nítorí irin ní láti rọ̀ nínú iná kí alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́. Inú mi ò dùn sí i rárá. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí n tó mọ àmì ohùn, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kì í yí ohùn ọ̀rọ̀ padà.

Rọ ti alágbẹ̀dẹ, ohùn àárín ni. Rọ̀ ti òwú àti ti ìkọ́kọrẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n gbára lé òfin pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: "gbà", "gba owó". Òótọ́ ni òfin yẹn. Ẹ wá mú ọ̀rọ̀-orúkọ kúrò lẹ́yìn wọn ká wò ó. "Owó tí mo gbà": ohùn ìsàlẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. "Ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ rọ": kò sí ohun tó padà, torí kò sí ohun tó lọ. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá àgbà mi ní Ìpẹru. Bí wọ́n bá ti fi ewìrì fẹ́ná títí irin fi pọ́n, wọ́n á ní, "Ó ti rọ̀, ẹ gbé ọmọ owú wá ká rọ ọ́." Ọ̀rọ̀ méjèèjì á jáde pọ̀ lẹ́nu wọn, kò sì sí ọmọdé tó ń ṣì wọ́n gbọ́. Kí wá ló rọ̀ lára sọ́fútíwíà?

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, ọ̀kan nínú àwọn sọ́fútíwíà tí à ń jiyàn lé lórí yìí lè là á. Paul Boersma àti David Weenink ló ṣe Praat ní Yunifásítì Amsterdam, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀ bí ẹ ti ń pe "rọ" àti "rọ̀", ẹ gbé e sínú rẹ̀, kí ẹ wo ìlà aláwọ̀ búlúù tó ń fi lílọ sókè-sódò ohùn hàn. Ti "rọ" á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ti "rọ̀" á já wálẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ náà dùn mọ́ mi: "praat" ni ará Nẹ́dálándì ń wí bó bá fẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wọn ni wọ́n mú, wọn ò wá èyí tó le.

Ẹ̀gbọ́n tún ní àwọn fi AntConc, sọ́fútíwíà tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé, wá "ẹ̀rọ" nínú àkójọ ìwé àwọn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì jáde, èyí tó fi hàn pé àwọn òǹkọ̀wé kò fi bẹ́ẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù, torí ẹ̀bi àwọn òǹkọ̀wé wa kọ́. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, fún lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ̀. Ẹnì kan á tẹ ẹ, á wá fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn á tẹ è, á wá fi àmì kékeré sí i nídìí. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni, bí ẹ bá sì wá ọ̀kan, èkejì lè má jáde. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo fáìlì náà di NFC, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà ìkọ tí Unicode fi lélẹ̀, kí ọ̀nà ìkọ wọn lè dọ́gba, kí ẹ sì rí i pé AntConc ka àmì ohùn mọ́ ara ọ̀rọ̀, kó má baà gé e sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún un wá.

"Irinṣẹ́" ni èmi dúró lé. Àbúrò wa kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní kò sí irin nínú sọ́fútíwíà. Ṣé irin wà nínú ṣọ́ọ̀kì olùkọ́? Irinṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn èèyàn wa ní etí ọ̀sà mọ ọkọ̀ sí igi gbígbẹ́ tí à ń fi àjẹ̀ wà, síbẹ̀ a pe mọ́tò ní ọkọ̀, a pe bàálù ní ọkọ̀ òfurufú, kò sì rú ẹnikẹ́ni lójú.

Ní ti "ayẹ̀hùnwò" tí ẹnì kan fẹ́ fún Praat, ọ̀rọ̀ náà dára, àmì ohùn rẹ̀ ni kò dára. Yẹ ohùn wò ni, "ayẹhùnwò". ELAN ní tirẹ̀, sọ́fútíwíà tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ohùn tàbí fídíò tí a gbà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ELAN. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lórí orin régbérégbé tí a gbà sílẹ̀ ní Ojúde Ọba: mo kọ "ulé" sí ìlà Ìjẹ̀bú bí wọ́n ṣe pè é gan-an, mo kọ "ilé" sí ìlà abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní kí n pa ìlà Ìjẹ̀bú rẹ́ torí pé kì í ṣe Yorùbá gidi, èmi àti onítọ̀hún ò tíì parí.

Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ "ẹ̀rọ rírọ̀" kúrò nínú àkójọ ọ̀rọ̀ náà kó tó dé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ fi "irinṣẹ́ ìwádìí orí kọ̀ǹpútà" rọ́pò rẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ bi mí, bóyá S ni ká fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú yín tàbí Ṣ, Ṣ ni mo ń kọ, n kò sì ní yí i padà nítorí ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ojú ọ̀nà.